Àwọn Tí Ń Dúró De Adágún Mẹ́ta

Nígbà tí Ẹlẹ́dàá ń pín ilé ayé, kò fi ibì kankan lé ẹnì kan ṣoṣo lọ́wọ́ títí láé. Ó fún oòrùn ní ọ̀sán, ó sì ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ó fún òjò ní oṣù tirẹ̀, ó fún ọyẹ́ ní tirẹ̀. Ilẹ̀ tí a bá ro fún ọdún mẹ́ta, igbó yóò gbà á padà, yóò sì sùn lé e lórí títí ilẹ̀ náà yóò fi tún lọ́ràá. Ọjà tí ẹ ń ná ní ọrọọrún, ṣé ẹ rò pé òfìfo ni ó ń wà ní àwọn ọjọ́ tí ẹ kò bá sí níbẹ̀? Ohun tí ojú yín kò rí níbẹ̀, ojú ọdẹ ti rí i. Gbogbo ibi tí ó dára láyé ni ó ní ẹni tí ń lò ó àti ẹni tí ń dúró dè é, bí ẹni tí ń lò ó bá sì pẹ́ jù, ẹni tí ń dúró á bẹ̀rẹ̀ sí í jan ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, á máa wo ọ̀nà, á máa pòṣé. Ọ̀rọ̀ àwọn tí ń dúró yìí ni mo fẹ́ sọ fún yín. Ẹ jókòó dáadáa, ẹ má ṣe bí èmi tí n kò lè jókòó sójú kan láti ọjọ́ tí ìyá mi ti bí mi.

Ọdẹ́jìnmí ni orúkọ mi. Ìgbàràmọ́ ni wọ́n bí mi sí, ìlú kékeré tí ènìyàn lè rìn já kí ó tó jẹ iṣu sísun kan tán. Ẹ ń wò mí bí arúgbó nísinsìnyí, ṣùgbọ́n ní ìgbà tí mò ń wí, bí mo bá wọ inú igbó, ẹfọ̀n á kọ́kọ́ ronú bóyá ó ti dágbére fún aya rẹ̀. Ìmàdò kan lé mi gun igi rí, a sì wà níbẹ̀ ní odidi ọjọ́ kan, èmi lókè, òun nísàlẹ̀, a ń bú ara wa. Nígbà tí ó di ìrọ̀lẹ́, òun ni ó kọ́kọ́ tọrọ gáfárà. Ìwọ tí o ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn yẹn, ìwọ ni mo ń wò! Bí mo bá parí ọ̀rọ̀ mi, kí o wá gba ibi tí irọ́ wà nínú rẹ̀, kí o mú un lọ sílé. Àléébù kan ṣoṣo tí mo ní ni pé ara mi kì í balẹ̀. Bí mo bá wà nílé, igbó ni ọkàn mi wà. Bí mo bá dé igbó, ilé ni mò ń rò. Àyìnkẹ́ aya mi a sì máa sọ fún mi pé, "Bàbá Ìbejì, lọ́jọ́ tí ẹ bá kú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró kí a sin yín tán kí ẹ tó tún máa lọ."

Adágún mẹ́ta ni ó wà lẹ́yìn ìlú wa, ìrìn àárọ̀ kan péré ni. Èyí tí ó tóbi jù ni Adágún Ẹlẹ́ja, níbi tí àrọ̀ àti epìyà ti pọ̀ débi pé wọ́n a máa fa àwọ̀n ya. Èkejì ni Adágún Alágọ̀ọ́, tí etí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, tí àwọn igi ńláńlá sì ṣíji bò ó. Ẹ̀kẹta ni Adágún Afẹ́, tí omi rẹ̀ kò ju àyà ọmọdé lọ, tí iyanrìn funfun sì tẹ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bí ìyẹ̀fun. Lọ́dọọdún, bí ọyẹ́ bá ti mú, gbogbo Ìgbàràmọ́ á ti ilẹ̀kùn, á ru ẹní àti ìkòkò, á lọ pàgọ́ sí etí omi fún oṣù kan gbáko. Àwọn ọkùnrin á dẹ ìgèrè, wọ́n á ju àwọ̀n. Àwọn obìnrin á yan ẹja. Àwọn ọ̀dọ́ á fi ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ díje títí àjẹ̀ á fi kán mọ́ wọn lọ́wọ́. Àwọn àgbà á máa ta ayò lábẹ́ igi, wọ́n á máa fi ara wọn ṣẹ̀sín. Àwọn ọmọdé á wẹ̀ títí awọ ìka wọn á fi hunjọ. Tọkọtaya tí kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ìgbà ìkórè, etí omi yẹn ni wọ́n ti ń parí rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ni ọrọ̀ ìlú wa, adágún mẹ́ta yìí ni n ó tọ́ka sí.

Òfin kan ṣoṣo ni ó wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ tí àgọ́ bá máa tú, olúkúlùkù gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ́n òkúta ààrò rẹ̀ ká, ọ̀kan síhìn-ín, ọ̀kan sọ́hùn-ún, ọ̀kan sínú omi, kí ó sì wí pé, "Mo ti lò ó tán, ó di tiyín." Bí a bá bi àwọn baba wa pé ta ni a ń wí i fún, wọ́n á ní kí a pa ẹnu wa mọ́. Obìnrin kan tí a ń pè ní Ìyá Àgọ́ ni ó máa ń gbẹ̀yìn gbogbo ènìyàn. Òun ni yóò yí etí omi ká láti rí i pé kò sí ààrò kankan tí ó ṣì dúró. Àgọ́ àwa ọdẹ nìkan ni kì í dé, nítorí a máa ń pàgọ́ tiwa lọ́tọ̀ nínú igbó kékeré kan níbẹ̀, nítorí oògùn wa. Èèwọ̀ ni kí obìnrin wọ ibẹ̀, ẹlòmíràn kò sì gbọdọ̀ fi ọwọ́ kan ààrò ọdẹ.

Ní ọdún tí mò ń wí yìí, òjò rọ̀ bí ó ti ṣe máa ń rọ̀, ṣùgbọ́n kàkà kí omi adágún pọ̀ sí i, fífà ni ó ń fà. Odò Àwẹ̀rẹ̀, tí ó ń ti inú igbó ńlá ṣàn wọ inú adágún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, gbẹ lójijì láàárín òjò. Kí ọyẹ́ tó dé, Adágún Afẹ́ ti di eruku, Alágọ̀ọ́ ti di ẹrẹ̀, àwọn ẹja Adágún Ẹlẹ́ja sì ń fi ẹnu wá afẹ́fẹ́ nínú ìkùdu kékeré kan tí ó ṣẹ́kù láàárín rẹ̀. Baálẹ̀ pe ìpàdé. Kò sí ẹni tí ó lè jókòó nínú ìpàdé náà. Gbogbo ènìyàn ń rìn síwá sẹ́yìn bí ẹni tí èèrà wọ aṣọ rẹ̀. Jagun Láṣebíkan, olóyè tí ohùn rẹ̀ máa ń dé ibì kan kí òun fúnra rẹ̀ tó dé, dìde, ó na ìka.

"Ta ni Ìyá Àgọ́ ní ọdún tó kọjá?"

"Èmi ni, Jagun." Ọ̀ṣúnbùnmi ni ó dáhùn. Opó ni, ó bí ọmọ mẹ́ta, èyí tí ó kéré jù sì wà lẹ́yìn rẹ̀ bí ó ti ń sọ̀rọ̀.

"O yí etí omi ká?"

"Mo yí i ká lẹ́ẹ̀mejì."

"O yí i ká, omi sì tẹ̀lé ọ lọ sílé! Ẹ̀yin ará, ṣé ẹ kò rí i pé ẹ̀yìnkùlé obìnrin yìí nìkan ni ẹ̀fọ́ ti tutù ní gbogbo ìlú?"

"Omi tí mo fi fọ aṣọ ni mò ń dà sí i, Jagun. Bí ẹ bá jẹ́ kí wọ́n máa fọ aṣọ tiyín, ẹ̀fọ́ tiyín náà á tutù."

Àwọn ènìyàn bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ni ó sì ba ọ̀rọ̀ obìnrin náà jẹ́, nítorí ojú olóyè pọ́n, àwọn ìjòyè yòókù sì gbè é lẹ́sẹ̀. Wọ́n ní ẹni tí ó gbẹ̀yìn létí omi ni ó mọ ohun tí ó ṣe omi. Baálẹ̀ mí kanlẹ̀, ó sì dá a lẹ́jọ́ pé bí omi kò bá padà ní ọjọ́ kẹsàn-án, kí Ọ̀ṣúnbùnmi kó àwọn ọmọ rẹ̀ kí ó sì fi ìlú sílẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti fò sókè. Mo ní kí wọ́n fún mi ní ọjọ́ mẹ́sàn-án náà, pé n ó tọ ipa Odò Àwẹ̀rẹ̀ dé orísun rẹ̀, ohunkóhun tí ó bá jókòó lé omi wa lórí, n ó gbé e kúrò. N kò ní parọ́ fún yín, mo káàánú obìnrin náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo ti lo ọjọ́ mẹ́fà gbáko nílé, ẹsẹ̀ mi ti ń yún mi. Nígbà tí mo dé ẹnu odi ìlú, mo bá a níbẹ̀, ó di ẹja gbígbẹ kan sínú ewé.

"Bàbá Ọdẹ," ni ó wí, "eléyìí ni ó kẹ́yìn nínú ilé mi. Ẹ má jẹ́ kí n kó àwọn ọmọ yìí lọ sí ìlú tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ orúkọ baba wọn."

Mo gba ẹja náà, mo sì wọ inú igbó.

N kò ní sọ bí mo ti sùn àti ohun tí mo jẹ fún yín. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ ìyẹn, kí ó lọ bá aya rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹrin, nínú ipa odò tí ó ti gbẹ, mo rí ohun kan tí mo kọ́kọ́ pè ní igi. Ó ga tó ìrókò, ó ru ẹrù gègèrè sórí: ẹní mẹ́rìnlá tí a ká, ìkòkò, ìgèrè, àjẹ̀, àgò adìẹ olórí méjì, àti ọmọ aláwọ̀ ewé kan tí ó sùn lọ fọnfọn lórí gbogbo rẹ̀. Bí mo ti ń wò ó, igi náà ṣẹ́jú. Ẹ̀yin ènìyàn, mo ti rí ejò tí ń súfèé rí, mo ti rí òkè tí ó yí ẹ̀gbẹ́ padà lójú oorun, ṣùgbọ́n igi tí ó ṣẹ́jú sí mi, tí ó tún pòṣé, ó mú kí fìlà mi dìde lórí mi.

"Ìwọ ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú," ni ó wí, "ṣé wọ́n ti tú?"

"Àwọn wo ni ó tú?"

"Ó ń bi mí! Láti ìgbà àkọ́rọ̀ òjò ni mo ti ru ẹrù yìí, ọrùn mi ti wọ inú àyà mi lọ, ó sì ń bi mí! Agbérù-má-sọ̀ ni wọ́n ń pè mí. Nínú ìran tiwa, ẹni tí ó bá sọ ẹrù kalẹ̀ kí ó tó dé àgọ́, gbogbo ohun tí ó rù ni yóò di òkúta. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni ó wà lókè yẹn. Ṣé kí n sọ ọ́ di òkúta ni?"

"Kí ni ẹ ń lọ ṣe ní àgọ́?"

"Kí ni ẹ̀yin máa ń ṣe níbẹ̀?"

"A ń pẹja, a ń wẹ̀, a ń sinmi."

Ó wò mí títí. "O wá rò pé ẹ̀yin nìkan ni nǹkan ń rẹ̀?"

Ó wá rọ ohùn rẹ̀, ó ní ẹ̀yìn ń yún òun láti oṣù márùn-ún, pé kí n jọ̀ọ́ bá òun di ẹrù náà mú díẹ̀, kí òun fi ọwọ́ họ ọ́. Ó tẹ̀ ba, ẹrù náà sì sún mọ́ mi. Mo ti na ọwọ́ méjèèjì tán, ìka mi ti kan ẹní, nígbà tí mo wo ilẹ̀ lójijì, tí mo rí i pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ta gbòǹgbò wọ inú yanrìn, àti pé ní ẹ̀gbẹ́ gbòǹgbò náà, ìbọn ọdẹ kan wà tí ìpẹtà ti jẹ tán. Mo mọ̀ pé ẹni tí ó bá gba ẹrù náà, ibẹ̀ ni yóò ta gbòǹgbò sí, mo sì fò sẹ́yìn bí ẹni tí iná jó.

"Kò burú," ni Agbérù-má-sọ̀ wí, kò tilẹ̀ bínú. "Ẹni tí ó gbé e fún mi náà ní kí n bá òun dì í mú díẹ̀ ni."

Àánú rẹ̀ ṣe mí ju ẹ̀rù rẹ̀ lọ. Mo wá igi gígùn kan, mo fi họ ẹ̀yìn rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì ń kérora ìgbádùn bí màlúù tí ń mu omi. Nígbà tí ó tó, ó ní, "O ṣeun. Máa lọ síbi tí o bá ti ń gbọ́ òṣé. Ẹnikẹ́ni tí o bá bá níbẹ̀, má ṣe sọ fún un pé kí ó ní sùúrù."

Lóòótọ́, láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń gbọ́ ọ níwájú mi: òṣé kan níhìn-ín, òṣé méjì lọ́hùn-ún, títí ó fi di pé gbogbo igbó ń pòṣé bí ìkòkò tí ń hó. Ní kùtùkùtù ọjọ́ kẹsàn-án ni mo yọ sí wọn. Àwọn ará ibẹ̀ pọ̀ ju èrò ọjà lọ. Àwọn ẹlẹ́sẹ̀ kan ń fi ẹsẹ̀ kan náà fò láti òkúta dé òkúta, nítorí pé wọn kò lè dúró jẹ́ẹ́; àwọn olórí méjì ń bá ara wọn jà, orí kan ń sọ pé òun ti ní kí wọ́n má tètè jáde nílé; àwọn tí ẹnu wọn wà ní àtẹ́lẹwọ́ ń pàtẹ́wọ́, ìkùnsínú sì ń jáde láàárín rẹ̀; àwọn ọmọ wọn ń fa aṣọ ìyá wọn, wọ́n ń ké pé, "Ṣé ó tó àkókò? Ṣé ó tó àkókò?" Gbogbo wọn ni ó ru ẹrù. Lẹ́yìn wọn, wọ́n ti fi ìtì igi àti àpáta dí Odò Àwẹ̀rẹ̀ láti bèbè dé bèbè, omi oṣù márùn-ún sì dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ga ju ọ̀pẹ lọ, ó ń kùn. Kí n tó lè sápamọ́, wọ́n ti rí mi, ogójì ọwọ́ sì ti dì mí mú.

"Ọ̀kan nínú wọn nìyí!" Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni ó pariwo, ẹni tí ojú rẹ̀ ń lọ ṣíwájú ara rẹ̀ nígbà gbogbo. Wàdùwàdù ni orúkọ rẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí a sè é jẹ, ebi ti pa wá tó!"

"Níbo ni ìwọ yóò ti sè é?" Obìnrin arúgbó kan ni ó bi í, ìgbín kún inú irun rẹ̀, omi sì ń kán láti etí aṣọ rẹ̀ bí ó tilẹ̀ jókòó sórí àpáta gbígbẹ. Yèyé Dúródèmí ni wọ́n ń pè é, òun ni àgbà wọn. "Ṣé o ní ààrò ni?"

"N kò ní, Yèyé."

"A ha lè gbé ààrò kalẹ̀ kí a tó dé àgọ́ bí?"

"A kò lè gbé e, Yèyé."

"Nítorí náà, pa ẹnu rẹ mọ́." Ó yíjú sí mi. "Ọdẹ, ilé kan ń bẹ. Kò ní ògiri, kò ní òrùlé, kò ní ilẹ̀kùn. Àwọn mẹ́ta ni ó ń gbé inú rẹ̀, wọ́n kọjú sí ara wọn láìsọ̀rọ̀. Níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ṣì dúró, ẹgbẹ̀rún wa kò lè kọjá. Ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ní gbogbo ayé ni ó sì lè tú wọn ká. Ilé wo ni? Bí o bá mọ̀ ọ́n, a ó jọ sọ̀rọ̀. Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, Agbérù-má-sọ̀ ń wá ẹni tí yóò gba ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀."

"Ibojì ni," ni mo wí.

"Ẹnì kan ni a ń sin sínú ibojì. Mélòó ni mo pè?"

"Àwọn àgbà mẹ́ta tí ń dájọ́ ni."

"Ìwọ ti rí àgbà tí ń dájọ́ láìsọ̀rọ̀ rí?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, àwọn ọmọ wọn pàápàá, omi lẹ́yìn ìdènà náà sì tún kùn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọwọ́ mi bí ẹni tí ń wá èsì níbẹ̀. Ẹja Ọ̀ṣúnbùnmi ni mo yan láàárọ̀ ọjọ́ náà kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn, èédú rẹ̀ ṣì wà ní ìka mi. Ìgbà náà ni ọkàn mi fò. Mo rí ọjọ́ tí àgọ́ tú ní ọdún tó kọjá. Mo rí ara mi nínú igbó kékeré àwa ọdẹ, tí mo ń kó ẹrù. Mo rí ìgalà kan tí ó kọjá láàárín igi méjì, oòrùn ń dán ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo gbé ìbọn, mo sá tẹ̀lé e, ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi lé e, ọ̀nà mìíràn ni mo sì gbà wọ ìlú. N kò padà. N kò fọ́n nǹkan kan ká. Kò sì sí ẹlòmíràn láyé tí ó lè fọ́n ọn ká fún mi.

"Ààrò ni," ni mo wí, ohùn mi sì kéré.

Yèyé Dúródèmí dìde lórí àpáta rẹ̀.

"Ààrò ta ni?"

"Ti ọdẹ kan ni."

"Ọdẹ wo?"

Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Èmi tí ìmàdò tọrọ gáfárà lọ́wọ́ mi! "Tèmi ni, Yèyé."

N kò rò pé wọn yóò ṣàánú mi, wọn kò sì ṣe é. Yèyé Dúródèmí wò mí bí ìyá ti ń wo ọmọ tí ó da oúnjẹ nù. Ó ní láti ọjọ́ tí ayé ti wà ni àwọn ènìyàn ti ń lo adágún mẹ́ta ní ìgbà ọyẹ́, tí àwọn sì ń lò ó ní ìgbà òjò, ẹnikẹ́ni kò bá ẹnikẹ́ni jà rí. Pé àwọn dé etí omi ní àkọ́rọ̀ òjò, àwọn bá ààrò tí ó ṣì dúró, àwọn mọ̀ pé a kò tíì lò ó tán, àwọn sì padà sẹ́yìn. "A dúró ní oṣù kan. A dúró ní méjì. Nígbà tí ó di ẹ̀kẹta, a wí pé bí omi náà bá jẹ́ ti ẹni tí kò fẹ́ lọ, kí a wò ó bóyá yóò fẹ́ dúró láìsí omi." Ó ní àwọn yóò ṣí i bí mo bá gbà láti fi ọwọ́ ara mi tú ààrò náà ká, kí n sì dárúkọ ara mi níṣojú àwọn ènìyàn mi bí mo ti jẹ́wọ́ níṣojú tiwọn. Mo gbà. Ó wá ní kí a jókòó kí a fara balẹ̀ ṣe ètò rẹ̀.

Ètò? Wàdùwàdù ti gbọ́ pé a gbà, ó sì ti fi ẹsẹ̀ gbá ìtì igi tí ó wà nísàlẹ̀.

"Wàdùwàdù!" ni Yèyé Dúródèmí pariwo. "Ọdẹ, sáré! Bí omi bá dé ibẹ̀ ṣáájú rẹ, ààrò náà yóò rì ní ìdúró, ẹnikẹ́ni kò ní lè tú u mọ́. Inú ilé yín ni a ó sì wá pàgọ́ sí!"

Mo sá. Ẹ̀yin tí ẹ ń pè mí ní arúgbó, mo fẹ́ kí ẹ rí mi ní ọjọ́ náà! Mo sá kọjá ẹtu, mo sá kọjá ẹyẹ, mo sá kọjá ọ̀rọ̀ tí mo ń sọ lẹ́nu, etí mi kò gbọ́ ọ. Lẹ́yìn mi, omi oṣù márùn-ún ń bọ̀, ó ń fa igi tu bí ẹni tí ń tu koríko. Nígbà tí mo rí Agbérù-má-sọ̀ níwájú, agbára mi ti tán. Òun náà rí omi, ó kígbe ayọ̀ kan tí ó mi igbó, ó fa ẹsẹ̀ rẹ̀ tu kúrò nínú yanrìn, ó nawọ́ gbé mi, ó sì fi mí lé orí ẹrù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Di ẹní mú!" ni ó wí. Ìrìn ọjọ́ mẹ́rin ni ẹsẹ̀ gígùn wọ̀nyẹn rìn kí oòrùn tó yẹ̀ lórí. Ọmọ náà jí lójú ọ̀nà, ó wò mí, ó bi mí pé, "Ṣé ó tó àkókò?" Mo ní, "Ó kù díẹ̀."

Ní etí Adágún Alágọ̀ọ́ ó dúró gbọ̀n-ín, kò lè kọjá. Mo já bọ́, mo wọ inú igbó kékeré àwa ọdẹ, mo sì rí wọn, òkúta mẹ́ta, wọ́n kọjú sí ara wọn, eérú ọdún tó kọjá ṣì wà láàárín wọn. Mo ju ọ̀kan síhìn-ín. Mo ju ọ̀kan sọ́hùn-ún. Omi ti dé orúnkún mi nígbà tí mo gbé ẹ̀kẹta, ó ti dé ìbàdí mi nígbà tí mo jù ú. "Mo ti lò ó tán," ni mo kígbe, "ó di tiyín!" Ìjì omi náà sì rọlẹ̀ lójú kan náà, ó pín sí mẹ́ta, ó rọra wọ inú adágún kọ̀ọ̀kan bí ẹni tí ó mọ yàrá rẹ̀.

Nígbà tí mo jáde, gbogbo ìlú wà létí omi. Wọ́n wá wò ó bóyá omi ti padà ní ọjọ́ kẹsàn-án, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti fẹ́ dágbére fún Ọ̀ṣúnbùnmi. Ẹrù rẹ̀ wà lẹ́bàá ọ̀nà, àwọn ọmọ rẹ̀ jókòó lé e lórí. Bí wọ́n ti rí mi ni ariwo sọ. Wọ́n gbé mi sókè, wọ́n ń kí mi ní mẹ́sàn-án mẹ́wàá, Jagun Láṣebíkan sì ń pè mí ní akọni tí ó gba omi lẹ́nu ikú. Lẹ́yìn náà ni ó wá yíjú. "Kí obìnrin yìí máa lọ ní tirẹ̀," ni ó wí. "Ẹni tí ó lé omi lọ lẹ́ẹ̀kan, kò yẹ kí ó wà nítòsí rẹ̀ mọ́." Àwọn kan ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, mo fẹ́ kí ẹ gbé e yẹ̀ wò. Orí èjìká àwọn ènìyàn ni mo wà. Agbérù-má-sọ̀ ti pòórá sínú igi, kò sí ẹlẹ́rìí kankan. Omi ti padà. Orúkọ mi wà lẹ́nu ọmọdé àti àgbà, irú èyí tí mo ti ń wá láti ìgbà èwe mi. Bí mo bá dákẹ́, mo ti di ẹni ńlá. Ọ̀ṣúnbùnmi kò wò mí rárá. Ó ti ń gbé ẹrù ru. Ọwọ́ rẹ̀ ń wá ibi tí yóò ti di ẹrù náà mú, mo sì rí i bí ó ti ń ti orí bọ abẹ́ rẹ̀.

"Ẹ sọ̀ mí kalẹ̀," ni mo wí.

Wọ́n rò pé ìtẹríba ni, wọ́n tún gbé mi ga sí i. Mo ní láti lu àwọn méjì lórí kí wọ́n tó sọ̀ mí. "Ọdẹ́jìnmí ni mí," ni mo wí, "gbogbo yín sì mọ̀ mí. Ààrò tèmi ni mo fi sílẹ̀ ní ìdúró ní ọdún tó kọjá. Ìgalà ni mo lé, n kò sì padà. Obìnrin yìí yí etí omi ká lẹ́ẹ̀mejì bí ó ti wí, ṣùgbọ́n kò lè dé ibi tí ààrò mi wà, ẹ̀yin náà sì mọ ìdí rẹ̀. Èmi ni omi ń bá bínú."

Jagun ni ó kọ́kọ́ lanu. "Ìwọ... ìwọ sì wà nínú ìpàdé, o ń wò wá?"

"N kò mọ̀ nígbà náà, Jagun."

"Ìgbà wo ni o mọ̀?"

"Ìgbà tí wọ́n bi mí ni."

Mo yíjú sí Ọ̀ṣúnbùnmi, mo dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀, èmi tí mo lè bí i lọ́mọ. Ó sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ wẹ́rẹ́. "Bàbá Ọdẹ," ni ó wí, "ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi di ẹrù yìí. Ojoojúmọ́ ni àwọn ọmọ ń bi mí pé kí ni a máa fi sílẹ̀." Ó ní kí n dìde, kí àwọn ọmọ má rí àgbà nínú ẹrẹ̀.

Baálẹ̀ dájọ́ náà níbẹ̀, ní ìdúró. Ó ní ẹnikẹ́ni kò ní fi ìlú sílẹ̀. Ó ní láti ọjọ́ náà lọ, Ìyá Àgọ́ yóò máa wọ inú igbó àwa ọdẹ, oògùn wa ì báà bàjẹ́, kí a wá òmíràn. Ní tèmi, ó ní n kò gbọdọ̀ dáná létí adágún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ títí n ó fi kú. Mo ní mo gbọ́. A kò sì pàgọ́ ní ọdún náà. A fi omi sílẹ̀ fún àwọn tí ó ti ń dúró. Fún oṣù kan gbáko, bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ láti ìhà ibẹ̀ lọ́sàn-án, a máa ń gbọ́ ìró àjẹ̀ àti ẹ̀rín àwọn ọmọ wọn láti inú ìlú.

Ohun tí ó gbẹ̀yìn olúkúlùkù nìyí. Jagun Láṣebíkan bẹ Ọ̀ṣúnbùnmi lẹ́yìn oṣù méjì, nígbà tí aya rẹ̀ kọ̀ láti bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Ó pẹ́ láyé, orí ẹní rẹ̀ ni ó sì kú sí. Ọ̀ṣúnbùnmi ṣe Ìyá Àgọ́ fún ọdún méjìdínlógún sí i, kí ó tó fi í lé àkọ́bí rẹ̀ obìnrin lọ́wọ́. Èyí tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ ní ọjọ́ ìpàdé ti di apẹja, àwọ̀n rẹ̀ sì ni ó gùn jù ní Ìgbàràmọ́. N kò gbúròó Yèyé Dúródèmí mọ́, bẹ́ẹ̀ ni n kò gbúròó Wàdùwàdù. Ní ti Agbérù-má-sọ̀, àwọn tí ó kọ́kọ́ dé etí omi ní ọdún tí ó tẹ̀lé e sọ pé àwọn rí ojú ẹní mẹ́rìnlá lórí yanrìn Adágún Afẹ́, àti ojú ibi tí ẹni gíga kan sùn sí, tí ó na ọwọ́ na ẹsẹ̀. Baálẹ̀ yẹn ti wàjà. Ọmọ rẹ̀ ni ó wà lórí àléfà. Àyìnkẹ́ wà láàyè, bí ọyẹ́ bá sì ti mú, òun àti àwọn ìbejì pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn a máa lọ pàgọ́. Mo máa ń bá wọn gbé ẹrù dé ibi tí ọ̀nà ti pínyà, n ó sì padà sílé.